Irọ́ "ọjà tí kò ba àyíká jẹ́" ń pani lára

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní bí ilé iṣẹ́ bá purọ́ pé ọjà òun kò ba àyíká jẹ́, ìpolówó lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Volkswagen polówó ọkọ̀ dísẹ́lì pé èéfín rẹ̀ mọ́. Àṣé ètò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń dín èéfín kù kìkì nígbà àyẹ̀wò. Àṣírí tú ní 2015: ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11. Ẹni tó rà á pàdánù, ẹni tó ní ìpín níbẹ̀ pàdánù, ẹni tó ń fa èéfín náà símú kò tilẹ̀ mọ̀.

Àjàṣẹ́ tiwa ńkọ́? Láti 2017 ni òfin Bẹ̀nẹ̀ ti de àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà. Mo ra ọ̀kan tí wọ́n ya ewé sí lára, tí wọ́n ní ó ń jẹrà. Mo rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè ẹ̀fọ́ mi. Nígbà tí mo hú u lẹ́yìn òjò, ó ti já wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ni síbẹ̀, ó ń dán, ó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀. Ìyá tó tà á fún mi fi owó kún owó kó tó rà á, nítorí ewé yẹn. Wọ́n tan òun náà jẹ.