Ẹ ra àdìrẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀ròyìn tó gbóríyìn fún àwọn ìyá aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, nítorí ìlú tí wọ́n ti fi Ẹfúnróyè Tinúubú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864 kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ní obìnrin tó mọ òwò í ṣe. Àmọ́ oríyìn nìkan kò lè ra aró. Ẹni tó bá ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú aró, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì tún ń rẹ ẹ́, yóò mọ ìdí tí owó rẹ̀ kò fi lè bá ti ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà dọ́gba. Kí àwọn tó ń dá aṣọ ẹbí jọ̀wọ́ rà á lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì san àsansílẹ̀, torí pé àwìn a máa jẹ owó òkòwò run.