Ẹ yéé gbé fọ́tò The Rock wá bá mi

Ẹ̀yin kọ́sítọ́mà mi, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà nínú mi tipẹ́. Táàtù ni mò ń yà jẹun, mi ò sì kórìíra owó, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé tẹ́ ẹ ṣí fóònù tẹ́ ẹ nawọ́ sí táàtù èjìká The Rock, oníjàkadì tó di òṣèré fíìmù ní Amẹ́ríkà, pé "bọ̀ọ̀dá, èyí gan-an ni o, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò," mi ò ní yà á. Ìtàn ẹbí ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọ Samoa, àwọn erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, ni ìyá ẹ̀, Peter Maivia tó tọ́ ìyá náà dàgbà, tóun náà jẹ́ oníjàkadì, pe'a, táàtù ìbílẹ̀ àwọn ọkùnrin Samoa, wà lára ẹ̀. Ọmọ Tahiti kan, erékùṣù míì nínú òkun yẹn, Po'oino Yrondi, ló ya ti The Rock fún un. Èwo ló wá kàn yín níbẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ pe'a, láti ìbàdí dé orúnkún ọkùnrin ni, ti obìnrin ni malu, itan nìyẹn wà, kì í sì í kún tó ti ọkùnrin. Tufuga, àgbà tó ń fín in, á di igi tí wọ́n so eyín ìmàdò tàbí egungun tí wọ́n gbẹ́ bí òòyà mọ́ mú (irin ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí), á máa fi igi míì lù ú, kó-kó-kó-kó, àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ á fa awọ ara ẹni náà le, wọ́n á máa nu ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹbí á jókòó tì í máa kọrin kó lè fara dà á, ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Tó bá sá dìde láàárín, pe'a mutu ni wọ́n ń pè é, ìtìjú ẹ̀ á kan gbogbo ilé. Nǹkan yìí ni ilé-iṣẹ́ Nike tẹ̀ sára ṣòkòtò eré ìdárayá obìnrin lọ́dún 2013, ti ọkùnrin lára obìnrin, ẹ gbọ́ ná! Àwọn ọmọ Samoa fárígá, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà.

Àwa tá a mọ àbàjà, kò yẹ kí èyí ṣòro yé wa. Tí òyìnbó kan bá lọ bá olóólà pé kó bù ú sóun lójú torí ó wu òun, ẹ ò ní bi í pé ọmọ ilé ta ni?

Àtẹ ìtumọ̀ àwòrán táàtù tí wọ́n ń pín kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ò ràn wá lọ́wọ́, ìjàpá òkun ni ẹ̀mí gígùn, eyín ẹja ekurá ni ààbò, bíi pé ẹ ń ka mẹ́nù ní búkà. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ibi tó wà lára àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde. Obìnrin kan wá bá mi, ìjàpá ṣáá ló fẹ́. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ ìjàpá, kò mọ̀. A sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ sórí ìyá ẹ̀ tó dá nìkan tọ́ wọn. Enata la pàpà yà sí i lápá, àwọn èèyàn kéékèèké inú táàtù Marquesas, àwọn erékùṣù Pàsífíìkì míì, tí wọ́n fọwọ́ kọ́ra wọn, kò sí ìjàpá kankan níbẹ̀. Enata yẹn náà, díẹ̀ ló kù kó parun, torí ìjọba Faransé fòfin de táàtù níbẹ̀ lọ́dún 1884, àwòrán tí Karl von den Steinen, ará Jámánì, yà sílẹ̀ ní 1897 sí 1898 wà lára ohun tí wọ́n fi jí i dìde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, tiẹ̀ ti bá wa yanjú táàtù tiwọn, moko ni ti ẹni tó ní ìran ẹ̀, kirituhi ni ti àlejò.

Ẹni tó bá sọ pé pe'a lòun máa ṣe dandan, bààlúù wà, kó lọ bá wọn ní Samoa, àwọn kan níbẹ̀ ń fín in fún àlejò, àwọn míì ní èèwọ̀ ni, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá máa ṣe lọ́dọ̀ mi, kó wá lọ́jọ́ tí ò kánjú, torí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ò ní yọ abẹ́rẹ́ rárá, ọ̀rọ̀ la máa sọ, owó ọ̀rọ̀ yẹn sì wà nínú iye tí mo bá dá fún yín o.