Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ta Ló Yẹ Kó Jókòó Nínú Ìgbìmọ̀ Open Source?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi gbọ́. Bí ìdìbò ìgbìmọ̀ bá ti ń sún mọ́lé nínú iṣẹ́ open source, ìyẹn sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè wo kóòdù inú rẹ̀ kó sì tún un ṣe, tí iléeṣẹ́ ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, àríyànjiyàn kan náà ni wọ́n á tún hú jáde. Àwọn kan á ní kí gbogbo ẹni tó ń gbowó oṣù lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ dìde kúrò lórí àga, pé ohun tí ọ̀gá bá sọ sí wọn létí ni wọ́n ń wá pọ̀ síbẹ̀. Àwọn kejì á ní kí olùyọ̀ǹda, ẹni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, lọ fìdí mọ́lé, ṣé òun ló ń san owó sáfà, àwọn kọ̀ǹpútà tó gbé iṣẹ́ náà ró, ni? Wọ́n á pariwo títí ìdìbò á fi kọjá. Bí wọ́n bá wá ka ìbò, ẹ ó rí i pé iye ẹni tó pariwo ju iye ẹni tó dìbò lọ.

Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà ní í gbé tòkè, ọmọdé ní í kó tinú ọlọ́rùn tóóró.

Iléeṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó pẹpẹ. Òun ló lówó sáfà, òun ló ní lọ́yà, òun ló lè ní kí ènìyàn jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ máa ṣe iṣẹ́ tí kò dùn tí kò sì lókìkí, bíi títún àṣìṣe inú kóòdù àtijọ́ ṣe. Olùyọ̀ǹda ní tirẹ̀ ló ń túmọ̀ sọ́fítíwíà sí èdè tí iléeṣẹ́ kò rí èrè kankan nínú rẹ̀. Òun náà ló rántí ìdí tí wọ́n fi pinnu nǹkan kan ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí ọ̀gá tó lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ bó bá wo ojú iléeṣẹ́ tó sì sọ pé rárá. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe ènìyàn búburú o. Olùyọ̀ǹda lọ̀pọ̀ wọn jẹ́ kí iléeṣẹ́ tó rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, tó sì gbà wọ́n síṣẹ́. Àmọ́ ẹnu tó ń jẹ dòdò ṣòro láti fi sọ òdodo, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹni tó ń fún un ní dòdò.

Ìdí nìyẹn táwọn tó gbọ́n fi kọ ọ́ sínú òfin. Ní GNOME Foundation, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó sọ́fítíwíà GNOME, iléeṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 40 nínú 100 àga ìgbìmọ̀ lọ, bí ìbò tiẹ̀ gbé wọn wọlé. Àwọn ti Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, lẹ́yìn tí Guido van Rossum tó dá a sílẹ̀ fi ipò olórí sílẹ̀ ní 2018, yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, wọ́n sì ní ẹni méjì péré ló lè ti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan wá. Ti openSUSE, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo fẹ́ràn jù. SUSE, iléeṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń yan alága, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á dìbò yan márùn-ún yòókù, kò sì gbọdọ̀ ju méjì nínú márùn-ún náà tó ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà. Kò sí ìdíbọ́n níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ àga tó jẹ́ ti olówó.

Ṣùgbọ́n kíka àga nìkan kò tó. Ẹ wo OpenSolaris, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí iléeṣẹ́ Sun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀, ìdìbò ni wọ́n sì fi yàn án. Iléeṣẹ́ Oracle ra Sun tán ní 2010, ó sì dákẹ́. Nígbà tó di oṣù Keje, ìgbìmọ̀ ní bí Oracle kò bá yan ẹni tí yóò máa bá àwọn sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, àwọn yóò dá àṣẹ padà fún un. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni gbogbo wọn kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àga wà, àṣẹ kò sí. Ọdún yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe OpenOffice, sọ́fítíwíà ìkọ̀wé tí Oracle bá lọ́wọ́ Sun, kó kóòdù jáde, wọ́n dá LibreOffice sílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ tuntun náà pé iléeṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ ní ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ lọ. Ojú wọn ti rí màbo.

Mo ka ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ kan, n kò ní dárúkọ iṣẹ́ náà. Àga méje, olùyọ̀ǹda mẹ́ta. Lórí ìwé, ó dára. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé, nígbà tí ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ níbòmíràn wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ "àwọn tí kò wá." Ìlà kẹta wá kà báyìí pé: "Gẹ́gẹ́ bí a ti fẹnu kò sí lọ́jọ́ Ẹtì." Ọjọ́ Ẹtì wo? Kò sí ìpàdé lọ́jọ́ Ẹtì! Inú iléeṣẹ́ ni wọ́n ti fẹnu kò, ìgbìmọ̀ kàn fọwọ́ sí i ni.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní oṣù Kejìlá 2020, Red Hat, iléeṣẹ́ tó wà lẹ́yìn CentOS, kéde pé CentOS Linux 8, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí àwọn ènìyàn ti gbọ́kàn lé títí di 2029, yóò parí ní ìparí 2021. Ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìkéde ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó fi gbọ́. Kò pẹ́ tí Rocky Linux àti AlmaLinux fi yọ jáde láti rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, ẹ gbé ìpàdé sí àkókò tí ẹni tí kò gbowó lè wá, ẹ máa pààrọ̀ aago nítorí àwọn tó wà lókè òkun, ẹ sì fi ìwé ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń san owó oṣù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn án, ẹ bọ́ síta, ẹ má dìbò. Ohun tí ẹ bá sọ nídìí oúnjẹ ọ̀sán kì í ṣe ìpinnu ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin olùyọ̀ǹda, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ dupò jáde, níbo lẹ wà? Ẹni tó wọlé nínú yín lọ sí ìpàdé kìíní, ó lọ sí èkejì, ló bá pòórá. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ kò ṣí i. Tí òṣìṣẹ́ bá wá ṣe iṣẹ́ tí ẹ sá fún, ẹ ó ní wọ́n gbàjọba. Ẹni tí kò bá ráyè, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó fàga sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìdìbò mìíràn ń bọ̀. Bí o kò bá dupò, tí o kò sì dìbò, jọ̀wọ́ má kọ lẹ́tà sí mi pé iléeṣẹ́ ti gba iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.