Ìjà Cable Street Kọ́ Ló Pa Ẹgbẹ́ Mosley

Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú àtijọ́ ní Cable Street, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ìjà ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, 1936 ni wọ́n yà síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ ni pé lọ́jọ́ náà, àwọn ará àdúgbò dí ọ̀nà mọ́ Oswald Mosley, olóṣèlú ọmọ Bìrìtìkó, àti àwọn fáṣíìsì rẹ̀ tó ń wọ ẹ̀wù dúdú, ìyẹn àwọn tó fẹ́ kí aláṣẹ kan ṣoṣo máa fi agbára ṣèjọba, ẹgbẹ́ náà sì ti ibẹ̀ túká. Wọ́n dí ọ̀nà mọ́ wọn lóòótọ́. Ẹgbẹ́ náà kò túká.

Ó ti gba ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Mosley ti ṣe mínísítà rí nínú ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, ó fi ipò sílẹ̀ ní 1930 torí wọn kò gba àbá rẹ̀ lórí àìríṣẹ́ṣe. Ó dá ẹgbẹ́ míì sílẹ̀, gbogbo àwọn tó fà kalẹ̀ ló fìdí rẹmi ní 1931. Ló bá lọ wo ohun tí Mussolini, olórí àwọn fáṣíìsì, ń ṣe ní Ítálì. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 1932, ó dá British Union of Fascists sílẹ̀. Ìwé ìròyìn Daily Mail ti Lord Rothermere ń pọ́n wọn lé. Ní àárín 1934, wọ́n ti tó nǹkan bí 50,000. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn Olympia ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà ọdún náà ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá dìde tako Mosley níbẹ̀, wọ́n á lù ú bí ẹni lu bàrà, wọ́n á wọ́ ọ síta. Gbogbo ìlú gbọ́. Lóṣù kéje, Rothermere yọwọ́. Lápá ìparí 1935, wọn kò ju nǹkan bí 5,000 lọ, wọn kò sì fa ẹnì kankan kalẹ̀ nínú ìdìbò gbogbogbòò ọdún yẹn.

Ìkórìíra àwọn Júù ni wọ́n wá gbájú mọ́, bí wọ́n ṣe kọjú sí ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ Júù ń gbé, nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìjà náà, nǹkan bí 6,000 ọlọ́pàá ló jáde láti la ọ̀nà fún ìwọ́de wọn. Àwọn ọlọ́pàá yìí gan-an làwọn ará àdúgbò bá wọ̀yá ìjà, kì í ṣe àwọn ẹlẹ́wù dúdú. Júù, àwọn ará Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, àwọn kọ́múníísì, gbogbo wọn pawọ́ pọ̀ dí títì pa, àwọn obìnrin sì ń da nǹkan lu ọlọ́pàá láti ojú fèrèsé òkè. Ọ̀gá ọlọ́pàá, Philip Game, ní kí Mosley kó àwọn èèyàn rẹ̀ padà. Ìgboyà ńlá ni àwọn ará àdúgbò náà ní, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé ọjọ́ méje, lọ́jọ́ 11, àwọn ọ̀dọ́ kan ya bo Mile End Road, wọ́n fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù, wọ́n ń lu èèyàn lójú pópó. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: ariwo ìṣẹ́gun ti bo ẹkún àwọn èèyàn wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀. Ìròyìn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sọ pé nǹkan bí 2,000 èèyàn ló tún wọ ẹgbẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ìjà. Mosley ní tirẹ̀ ti dé Berlin lọ́jọ́ 6, ó ń gbéyàwó nílé Goebbels, mínísítà ìpolongo Hitler, Hitler fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta 1937, ẹgbẹ́ náà kò wọlé níbì kankan, àmọ́ ó gba nǹkan bí ìbò 23 nínú 100 ní apá kan Bethnal Green, àdúgbò kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù kìíní 1937 bọ́ ẹ̀wù dúdú náà lọ́rùn wọn, ó sì fún ọlọ́pàá lágbára lórí ìwọ́de. Síbẹ̀, ní oṣù keje 1939, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ṣì tẹ̀ lé Mosley lọ sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn Earls Court ní Lọ́ńdọ̀nù. Ogun Hitler ló wá parí rẹ̀: lọ́jọ́ 23 oṣù karùn-ún 1940, ìjọba gbé Mosley láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Lọ́jọ́ 10 oṣù keje, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ náà.