Nọ́ńbà ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń yan oògùn COPD
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín fẹ́ àtúnṣe. Ẹ ní ẹni tí COPD (àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń mú kí mímí nira) rẹ̀ wà ní ipele kejì kò tíì nílò oògùn gidi, ó di ipele kẹrin. Rárá o! Afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè fẹ́ sínú ẹ̀rọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ipele yẹn ń wọ̀n. Ipele kejì jẹ́ 50 sí 79 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó yẹ. Fún oògùn ìbẹ̀rẹ̀, ìlànà 2023 ti GOLD, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú COPD, pín aláìsàn sí A (àmì àìsàn kò pọ̀), B (àmì àìsàn pọ̀) àti E (àìsàn máa ń ru sókè). Ìbéèrè méjì ni wọ́n fi ń pín wọn. Ṣé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú? Ẹ̀ẹ̀melòó ni àìsàn náà ru sókè lọ́dún tó kọjá? Bí wọ́n bá torí ẹ̀ dá a dúró sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan péré, ìpín E ló wà, ì báà jẹ́ ipele kejì tàbí òmíràn ni ẹ̀rọ sọ.