Ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí kò dárúkọ ara rẹ̀

Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí Donald Trump ti padà sípò ààrẹ ni ariwo DEI, ìyẹn àwọn ètò tí ilé iṣẹ́ fi ń fàyè gba onírúurú èèyàn láìyọ ẹ̀yà kankan sílẹ̀, ti gba ìgboro Amẹ́ríkà kan. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ló fagi lé àṣẹ tí Ààrẹ Lyndon Johnson pa ní 1965, èyí tó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ṣètò bí gbogbo èèyàn á ṣe máa rí iṣẹ́ láìwo ti àwọ̀ tàbí ẹ̀yà. Ilé iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ètò wọn ká. Inú àwọn kan dùn, ọ̀rọ̀ náà sì ká àwọn mìíràn lára. Èyí tó ń kọ wá lóminú jù kì í ṣe ìyẹn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún yẹn ni àṣẹ mìíràn jáde, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ gbọ́ sí. Òun la gbà pé ó léwu jù fún òṣìṣẹ́ dúdú ní Amẹ́ríkà, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, Chicago àti Maryland.

Àṣẹ kejì yìí ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dẹwọ́ lórí òfin kan tó ń mú agbanisíṣẹ́ tí ìlànà rẹ̀ kò dárúkọ ẹ̀yà kankan, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀yà kan ló ń pa lára, tí ìlànà náà kò sì ran iṣẹ́ lọ́wọ́. Ká tó lè mọ ìdí tí òfin yẹn fi wà, àfi ká padà sí Draper, ìlú kékeré kan ní North Carolina.

Duke Power, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, ní ibùdó kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dan River. Òṣìṣẹ́ 95 ló wà níbẹ̀, 14 nínú wọn jẹ́ èèyàn dúdú. Ẹ̀ka márùn-ún ni wọ́n pín iṣẹ́ sí, ẹ̀ka lébìrà nìkan ni wọ́n sì ń gba èèyàn dúdú sí. Lébìrà tí owó rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀, owó rẹ̀ kò tó ti ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ní ẹ̀ka mẹ́rin yòókù. Nígbà tó wá ku ọ̀la kí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn agbanisíṣẹ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ síta mọ́ pé dúdú ò gbọdọ̀ kúrò ní lébìrà. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje 1965, ọjọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ gan-an, wọ́n gbé ìdánwò méjì kalẹ̀ fún ẹni tuntun tó bá fẹ́ wọ ẹ̀ka yòókù. Lébìrà tó bá fẹ́ kúrò níbi tó wà gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí girama wá. Bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ láìní ìwé ẹ̀rí yìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, wọ́n ń ṣe é dáadáa, wọ́n sì ń gba ìgbéga.

Ẹ wo ohun tí ìwé ẹ̀rí yẹn ń ṣe ní ìpínlẹ̀ náà. Ìkànìyàn 1960 fi hàn pé nínú ọkùnrin funfun 100 ní North Carolina, 34 ló parí girama. Nínú ọkùnrin dúdú 100, 12 péré ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà tó kó ọmọ dúdú sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ tí kò náwó lé lórí ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Agbanisíṣẹ́ tó wá fi ìwé ẹ̀rí náà dí ọ̀nà ti ta ọfà sókè, ó sì ti yí odó borí.

Òṣìṣẹ́ dúdú 13, tí Willie Griggs wà lára wọn, gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 1971, gbogbo àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó gbọ́ ẹjọ́ náà fẹnu kò pé àwọn òṣìṣẹ́ ló jàre. Warren Burger, adájọ́ àgbà tí Richard Nixon yàn, ló kọ ìdájọ́ náà: ohun tí ìlànà kan ń fà lòfin ń wò, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é nìkan. Ní 1991, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kọ ọ́ sínú òfin, Ààrẹ George H. W. Bush sì fọwọ́ sí i. Nixon àti Bush, ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Trump.

Torí náà, àṣẹ ààrẹ kò lè pa òfin yìí rẹ́. Ohun tó lè ṣe ni kó ní kí àwọn tó yẹ kó lo òfin náà káwọ́ gbera, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba ẹ̀sùn àwọn òṣìṣẹ́, ní kí wọ́n pa fáìlì irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé. Òṣìṣẹ́ ṣì lè lọ sílé ẹjọ́ fúnra rẹ̀, lówó ara rẹ̀. Lébìrà mélòó ló ní owó lọ́yà?

A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn èèyàn wa ò ní fara mọ́ ohun tí à ń sọ. Wọ́n á ní àwọn kàwé dé Amẹ́ríkà, àwọn ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, àwọn ò wá ojúure ẹnikẹ́ni, kí wọ́n ṣáà gba ẹni tó bá mọ iṣẹ́. Ohun tí àwa náà fẹ́ nìyẹn. Ìdájọ́ 1971 kò ní kí wọ́n má ṣe ìdánwò. Ìdánwò tí nọ́ọ̀sì ń ṣe kó tó gba láísẹ́ǹsì kan iṣẹ́ rẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Èyí tí kò kan iṣẹ́ ni òfin kọ̀. A ò sì ní kí òfin gbèjà dúdú nìkan. Ní oṣù kẹfà 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà fún obìnrin kan ní Ohio, tó ní torí pé òun kì í fẹ́ obìnrin bíi tòun ni wọ́n fi fi ipò du òun, pé ẹrù ẹ̀rí tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ. Ketanji Brown Jackson, adájọ́ obìnrin dúdú, ló kọ ọ́. Ó tọ̀nà.

Àmọ́ ẹni tó ní iṣẹ́ òun á sọ̀rọ̀ fún òun, ṣé wọ́n á tiẹ̀ pè é kó wá fi iṣẹ́ náà hàn? Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì fi ìwé ìwáṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Chicago àti Boston, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Orúkọ nìkan ni wọ́n ń yí padà lórí ìwé tó dọ́gba. Emily àti Greg, orúkọ tí òyìnbó sábà máa ń jẹ́, fi ìwé bíi mẹ́wàá ránṣẹ́ kí wọ́n tó pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Lakisha àti Jamal, orúkọ tí èèyàn dúdú Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́, fi bíi 15 ránṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n ń fi orúkọ Lakisha pè. Kí ni Olúfúnmiláyọ̀ wá fẹ́ retí?

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí gbà kan ilé wa. Ọ̀pọ̀ ìyá wa àti àbúrò wa obìnrin níbẹ̀ ló ń tọ́jú arúgbó nínú ilé onílé. Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, ó ti gbé bàbá tí rọpárọsẹ̀ mú kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti pààrọ̀ pámpásì rẹ̀, ó ti wẹ̀ fún un, ó ti ka oògùn rẹ̀ sọ́wọ́. Òfin owó oṣù tí wọ́n ṣe ní 1938 yọ òṣìṣẹ́ oko àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé sílẹ̀. Kò dárúkọ dúdú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn èèyàn dúdú ń ṣe jù ní gúúsù Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní 1974 wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé wọlé, wọ́n sì tún yọ àwọn tí wọ́n ní ńṣe ni wọ́n kàn ń bá arúgbó jókòó. Ìlànà tí ìjọba Obama gbé jáde ní 2013 ló jẹ́ kí òfin náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ olùtọ́jú tí àwọn ilé iṣẹ́ gbà síṣẹ́. Ní oṣù keje 2025, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ dá a lábàá pé kí wọ́n dá a padà sí ti àtijọ́.

Bó bá lọ bẹ́ẹ̀, òfin àpapọ̀ kò ní fi dandan mú ilé iṣẹ́ kankan mọ́ láti san dọ́là 7.25 ní wákàtí kan fún irú àwọn obìnrin yìí, tàbí láti fi owó kún wákàtí tó bá lé ní 40 lọ́sẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin tiwọn tó máa gbà wọ́n sílẹ̀. Texas, níbi tí àwa pọ̀ sí, ti àpapọ̀ ló ń tẹ̀ lé. Àbá náà burú, kí wọ́n jù ú nù.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń ṣèpàdé lóṣooṣù ní Amẹ́ríkà náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹ pe lọ́yà tó mọ òfin òṣìṣẹ́ wá sípàdé. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ 180 ni òfin fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ rẹ́ jẹ láti fi ẹ̀sùn sùn EEOC, ó sì di 300 níbi tí ìpínlẹ̀ bá ní àjọ tirẹ̀ tó ń rí sí i. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 15 kò sí lábẹ́ òfin 1964, àmọ́ òfin 1866 lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kò béèrè iye òṣìṣẹ́. Àti pé agbanisíṣẹ́ tó bá lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ó fẹjọ́ sùn ti ṣẹ̀ sí òfin lọ́tọ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kò fìdí múlẹ̀. Kí ẹni tó bá ti rí nǹkan tí kò tọ́ kọ ọjọ́, aago, ohun tí wọ́n sọ àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.