Òrìṣà Tí Kò Ní Èèwọ̀

Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tó wà lókè òkun bá fẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹnuure fún òun, ilé alájà méjì ni yóò kọ́ sí Kàbbà tàbí Ìsánlú, yóò sì fi ọ̀dà tí awakọ̀ kankan kò ní lè ṣàìyíjú wò kùn ún. Ilé kíkọ́ ti di ti àwọn ará oko báyìí. Ohun tó gbayì láàárín àwọn ọmọ wa ní Houston àti Dallas ni ìsinmi ẹ̀mí òpin ọ̀sẹ̀ ní Sedona, ìlú kékeré kan tó wà láàárín àwọn àpáta pupa nínú aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Arizona. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò wọ bàlúù lọ sí Phoenix, wọn yóò fi nǹkan bíi wákàtí méjì wa ọkọ̀ dé ibẹ̀, wọn yóò gun àpáta, wọn yóò ká ẹsẹ̀ jókòó, ẹni tí wọ́n sanwó fún yóò sì ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n máa mí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, àwòrán ti dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú: aṣọ funfun, ojú dídì, ọwọ́ méjèèjì nínà sí oòrùn, pẹ̀lú àkọlé pé, "Mo ti rí ara mi."

Wọ́n fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han ìyá kan ní Mọ̀pà. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé ó ti sọnù tẹ́lẹ̀ ni, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

Mo gbà pé ibẹ̀ lẹ́wà. Irin inú òkúta ló ti dípẹtà láti ayébáyé tó sọ gbogbo rẹ̀ di pupa, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá sì kàn án, ẹni tó bá gbójú kúrò níbẹ̀ lójú ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kò tó tà. Àwọn tó ń ta ìsinmi náà ní ibi mẹ́rin wà ní àyíká ìlú náà tí agbára ilẹ̀ ti ń yí bí ìjì, tó sì ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ènìyàn. Wọ́n dárúkọ Bell Rock, Cathedral Rock àti Boynton Canyon. Ẹ̀kẹrin ni Airport Mesa, òkè tí pápá ọkọ̀ òfuurufú ìlú náà wà lórí rẹ̀ gan-an, nítorí ẹ̀mí tó mọ̀ pé àlejò òun níṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé kò gbọdọ̀ jìnnà sí bàlúù. Ààjà tí àwọn àgbà wa ń sọ ìtàn rẹ̀ a máa gbé ènìyàn wọ inú igbó fún oṣù mẹ́ta, ẹni náà a sì padà wálé ní oníṣègùn tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù. Ti Sedona a máa gba owó sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1987, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pé jọ síbẹ̀ láti pàdé sànmánì tuntun, àwọn kan nínú wọn sì ń retí pé Bell Rock yóò gbéra nílẹ̀, yóò sì forí lé ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Andromeda. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, àpáta kò mira. Àwọn àlejò kò sì dín.

Ìdí tí wọn kò fi dín kò ṣòro láti mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, àpáta tó bá lórúkọ ní ẹni tó ni ín, ó ní ọjọ́ tí a kì í gùn ún, ó ní ohun tí a kì í jẹ lọ síbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ níbẹ̀. Òrìṣà Sedona kò ní èèwọ̀ kankan. Kò bèèrè ìgbà tí o ti pe ìyá rẹ gbẹ̀yìn, kò bèèrè owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí o jẹ sílẹ̀. Dọ́là 5 fún ìwé ìgúnkọ̀ ọjọ́ kan ló ń gbà. Èèwọ̀ kan ṣoṣo tí mo rí ní ìlú náà, ilé oúnjẹ McDonald's ló kàn: àwọn aláṣẹ kò gbà kí àmì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, kí ó má baà ba àwọ̀ àpáta jẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di àwọ̀ tó wà láàárín aró àti ewé. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tó kọ́lé sí Kàbbà gbọ́.)

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Arthur Ray kó àwọn tó ti san tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lórí sínú àgọ́ òkúta gbígbóná nítòsí Sedona, irú èyí tí àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan ń fi ṣe ètùtù, ènìyàn mẹ́ta sì kú nínú ọ̀ràn náà. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní ọdún 2011. Ètùtù ni wọ́n yá; wọn kò yá àgbà tí yóò sọ pé ó tó.

Àwọn onílẹ̀ náà ńkọ́? Àwọn Yavapai àti Apache ló ni ilẹ̀ Sedona yẹn, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì fi ipá mú nǹkan bí 1,500 nínú wọn fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí San Carlos, ibùdó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn, nínú òtútù ọdún 1875, ìrìn nǹkan bí 180 máìlì. Ẹni tó bá sanwó ìsinmi lónìí yóò gbọ́ púpọ̀ nípa ọgbọ́n àwọn ará àtijọ́, láìpàdé ẹnìkan nínú wọn.

Àwọn baba ńlá tiwa náà gun àpáta. Àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe ló lé wọn gun orí òkè káàkiri ilẹ̀ Okun ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Wọn kò lọ rí ara wọn níbẹ̀. Wọ́n lọ kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn ni.

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ kan láti Abuja fẹ́ gbé ìsinmi yìí wá sórí àpáta ìlú kan ní Ìjùmú. Wọ́n lọ kí àwọn àgbà, àwọn àgbà sì bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n ní àwọn yóò dákẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta. Àgbà kan ní kò burú rárá, kí wọ́n wá lásìkò ebè kíkọ, kí olúkúlùkù mú ọkọ́ dání, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀ lóko. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ìpolówó wọn ti jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dubai ni wọ́n kọ síbẹ̀.